Ike Ìdọ̀tí Náà Kò Jẹ̀bi

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o ń gbé, mo kí ibi iṣẹ́ rẹ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń jókòó níbẹ̀ bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ mí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ yín, èyí tí o ní ó máa ń dá gbé èèyàn gòkè, kò tíì ṣe yín ní jàǹbá? Máa ṣọ́ra lórí rẹ̀ o, nítorí ohun tó bá lè gbé èèyàn gòkè láì bi í, ó lè gbé e sọ̀ láì bi í. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ yóò máa ṣọ́ ọ. Wàá jẹun, oúnjẹ kò ní jẹ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọ jà yóò ṣìnà ilé rẹ. Ohun tí o ń wá lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí ó máa wá ọ fúnra rẹ̀. Àmín.

Èmi náà wà, mo ń dúpẹ́. Mo ní mo wà nítorí ohun tí à ń kọ́kọ́ kọ nínú lẹ́tà nìyẹn, ṣùgbọ́n ìròyìn pọ̀ nísàlẹ̀, jọ̀wọ́ má kà á lórí ìdúró. Wá ibìkan jókòó.

Lákọ̀ọ́kọ́, ike ìdọ̀tí tí o fi rán awakọ̀ dé láìfọ́. Gbogbo ará ilé ló jáde wá wò ó. Ìyá Oníbúrẹ́dì tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tèmi, o rántí rẹ̀, òun ló wẹ ìyá rẹ nígbà tó kú, òun ló ní ohun tó dára báyìí, kí la tún fẹ́ máa da ilẹ̀ sí i fún, pé ó yẹ kí òun máa kó búrẹ́dì sí i ni. Mo ní rárá o, ọmọ mi ní ìdọ̀tí ni, ìdọ̀tí náà ni. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó lanu, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó panu dé. Ó bá mi lára mu gan-an, nítorí ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ wa maṣíìnì ìránṣọ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ ọ nípa ohun tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Awakọ̀ náà tẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbàgbé pé èrò wà nínú ọkọ̀ òun.

O mọ ìdí tí mo fi bẹ̀ ọ́ pé kí o rà á. Wolé-wolé tuntun ni wọ́n gbé wá sí àdúgbò wa, obìnrin ni, kò lè jù ọ́ lọ, ó wọ bàtà líle, ó sì mú ìwé lọ́wọ́. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé wa, ó rí agbọ̀n tí gbogbo wa ń da ilẹ̀ sí, ó rí eṣinṣin tó bò ó, ó ní ilé wa ló ń rùn jù ní òpópónà yìí. Ó fi ẹfun kọ nǹkan sára ògiri. Mo bi í pé kí ló kọ, ó ní òun kọ ọ́ pé òun ń padà bọ̀ ni. Ó ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ike tirẹ̀ tó ní ìdérí, pé bí òun bá padà tí òórùn yẹn ṣì wà, yàrá tó bá ti ń jáde, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni yóò lọ sọ tẹnu rẹ̀ ní kóòtù. Bó ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi, ojú gbogbo ará ilé yí sí ẹnu ọ̀nà mi. Wọ́n kàn wo ibẹ̀ ni.

Èmi rèé o, èmi tí wọ́n ń pè ní Afínjú láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, èmi tí kò jẹ́ fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà láìkọ́kọ́ fọ ọwọ́. Inú bí mi débi pé n kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ìgbà náà ni mo pè ọ́ lórí fóònù, tí o to àwọn òfin yẹn fún mi, mo sì há gbogbo rẹ̀ sórí. O ní ohun tó bá ní omi lára, kí n ro omi rẹ̀ dànù kó tó wọ inú ike, nítorí omi ló ń rùn, kì í ṣe oúnjẹ. O ní kí n fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e. O ní kí n kó o sínú ọ̀rá, kí n so ẹnu ọ̀rá náà pinpin kí eṣinṣin má ráyè yé sí i, pé ohun tí mo bá sì ti so, kí n má tú u mọ́. O ní kí n wọ́n eérú sí ìsàlẹ̀ ike, kí n máa fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí n dojú rẹ̀ dé sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ. Gbogbo èyí yé mi. Èyí tí kò yé mi ni ti egungun ẹja, tí o ní ẹ̀yin máa ń kó sínú fìríìjì títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ bá wá. Mo rò ó títí. Mo ní àbí ìyà ń jẹ ọmọ yìí níbẹ̀ ni? Ẹni tó ra fìríìjì tó ń tọ́jú pàǹtí sínú rẹ̀, inú kí ló ń tọ́jú oúnjẹ sí? Ìyá Oníbúrẹ́dì ní bóyá oúnjẹ ni ẹ̀ ń dà nù, tí ẹ ń fi pàǹtí pamọ́, pé ọ̀làjú ni. N kò bá yín jiyàn. Mo fo ti fìríìjì, mo tẹ̀lé ìyókù.

Mo tẹ̀lé e, ọmọ mi. Èèpo ọsàn tí mo bá bó, màá fún omi rẹ̀ dànù, màá sá a, màá wé e sínú ìwé bí ẹni tó fẹ́ fi ta ẹnì kan lọ́rẹ. Ike náà mọ́ débi pé ní ọjọ́ kan mo ti orí bọ inú rẹ̀, mo mí kanlẹ̀, ọṣẹ nìkan ni mo gbọ́. Mo yọ orí jáde, mo tún mí, òórùn yẹn wà nínú yàrá bó ṣe wà.

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á na aṣọ sí mi láti òkèèrè, wọn kò ní jókòó. Ọ̀kan wá gba ṣòkòtò rẹ̀ tí n kò tíì ṣẹ́ etí rẹ̀, ó ní òun ń kánjú, mo sì rí ṣòkòtò náà lára ìkọ́ télọ̀ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìyá Oníbúrẹ́dì yí tábìlì rẹ̀ kẹ̀yìn sí mi. Ó ní òun kò bá mi jà o, ṣùgbọ́n àwọn eṣinṣin yìí kò mọ ẹ̀tọ́, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n ti ń gbéra wá bà lé búrẹ́dì òun, àwọn tó ń rajà sì lójú nílẹ̀. Ọmọ onílé pe ìpàdé, mo lọ síbẹ̀, gbogbo wọn jókòó sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, wọ́n fi ọ̀nà ibi tó ń fẹ́ lọ sílẹ̀ fún èmi nìkan. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi pé ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Ó dùn mí wọ eegun. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, kò sí ọjọ́ kan tí n kò wẹ̀, àní bí omi bá wọ́n, màá fi àkísà tútù nu ara.

Mo wá ń fura. Mo ní ẹnì kan ló ń ju òkú eku sínú ike mi láti bà mí lórúkọ jẹ́. Mo gbé ike náà síta, òórùn dúró nínú yàrá. Mo gbé e lọ sídìí ọgbà lọ́hùn-ún, eṣinṣin kò tẹ̀lé e, wọ́n jókòó tì mí. Mo wa maṣíìnì, wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀. Mo lọ sílé ìyàgbẹ́, wọ́n dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, mo jáde, a jọ wálé. Mo sọ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì pé bí a bá pẹ́ nídìí imí, eṣinṣin kéṣinṣin ni yóò máa bá ni níbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ agbọ̀n àtijọ́ yẹn ló sọ wá dà báyìí. Ó ní imí wo, ṣé ike mi ti wà nídìí ọgbà.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ti egbò kékeré kan tí n kò sọ fún ọ lórí fóònù. N kò sọ ọ́ nítorí kò dùn mí. Ohun tí kò bá dun èèyàn, kí ni èèyàn fẹ́ ròyìn nípa rẹ̀? Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ náà ti ń ṣe mí bí ẹni pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí n kò wọ̀ ọ́, mo sì rò pé àgbà ló dé. Egbò náà ń sun omi díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe rí omi báyìí ni ọ̀rọ̀ rẹ sọ sí mi lọ́kàn pé omi ló ń rùn, inú mi tiẹ̀ dùn pé mo ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Mo ro omi rẹ̀ dànù. Mo wọ́n eérú sí i. Mo fi ìwé ìròyìn wé ẹsẹ̀ náà, mo kì í bọ inú ọ̀rá, mo so ẹnu ọ̀rá náà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ pinpin kí eṣinṣin má ráyè, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e, mo fi bàtà dé e. N kò sì tú u, nítorí o ní ohun tí mo bá ti so, kí n má tú u mọ́. Bí omi bá ti jò jáde, màá tún so òmíràn lé e lórí. Mo ṣe é tọkàntọkàn, ọmọ mi. Mo ní kí ike mọ́, kí ẹsẹ̀ náà mọ́, kí n wo ohun tí wọ́n tún fẹ́ sọ.

Wolé-wolé padà wá bó ṣe wí. Gbogbo ará ilé tò sẹ́yìnkùlé. Ó wo ike tiwọn, ó ń mi orí, ó dé orí tèmi. Ó tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kì ojú bọ̀ ọ́ pátápátá. Ó nàró, ó sọ sí etí gbogbo wọn pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí ike ìdọ̀tí tó mọ́ tó báyìí rí, nílé olówó àti nílé tálákà, pé òun máa kó àwọn kan wá wò ó ni. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò lọ. Ó dúró, ó ń fi imú wá nǹkan, ojú rẹ̀ sì wá sílẹ̀ sórí bàtà mi. Ó ní Bàbá, kí ló wà nínú bàtà yín? Mo ní ẹsẹ̀ ni. Ó ní ṣé òun lè rí i? Mo ní ilé ni ìjọba ní kó máa wò, wọn kò ní kó máa wo ẹsẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó tú okùn bàtà mi fúnra rẹ̀, ó ní kí n fún òun ní sísọ́ọ̀sì mi, ó fi gé ọ̀rá náà.

N kò lè kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ fún ọ. Ọmọ ìka àti èyí tó tẹ̀lé e ti dúdú bí èédú. Ìdin wà níbẹ̀. Mo ń sọ fún un pé kò lè jẹ́ òótọ́, pé mo so ó dáadáa. Nǹkan kan ń dán láàárín egbò náà, ó fi orí ìka mú un, ó fà á jáde, abẹ́rẹ́ maṣíìnì ni, ìdajì rẹ̀. Èmi télọ̀ tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, mo ń rìn lórí rẹ̀ láti ìgbà tí n kò mọ̀, n kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ojú ìyẹn tì mí ju ti ìdin lọ. Àwọn tó dúró ti sá, wọ́n di imú, ṣùgbọ́n wolé-wolé kò di imú. Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé orí itan ara rẹ̀, ó bi mí pé ta ló ní kí n so ó báyìí? Mo ní ọmọ mi tó wà ní ìlú ńlá ni. Ó ní ọmọ yín ní kí ẹ so ẹsẹ̀ yín? Mo ní ó ní kí n so ohun tó bá lómi lára. Ó wá rọra sọ pé Bàbá, ohun tí a fẹ́ jù nù ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ṣé ẹ fẹ́ ju ẹsẹ̀ yín nù ni? Ìyá Oníbúrẹ́dì bú sẹ́kún lẹ́yìn rẹ̀. N kò sọ èyí kí o lè máa dá ara rẹ lẹ́bi o. Ìwọ kò mọ̀. Èmi tí mo ń gbé e rìn gan-an kò mọ̀.

Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n gún mi níka, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà sẹ́nu ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ náà kọ nọ́ńbà, dókítà wò ó, ó ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Mo ní irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń pa, pé láti ìgbà tí ṣúgà ti gbówó lórí, tíì kíkorò ni mo ń mu. Ó ní kì í ṣe irú ṣúgà yẹn, àtọ̀gbẹ ni, òun ló mú kí ẹsẹ̀ mi má mọ ìrora mọ́. Mo wá ro ti àwọn eṣinṣin, mo ní àṣé wọ́n ti mọ̀ ṣáájú dókítà. Dókítà fi bírò fa ilà yí ẹsẹ̀ mi ká níbi tí dúdú náà dé. Ó ní ẹsẹ̀ yìí ti kú, pé kí n jẹ́ kí wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún, pé bí dúdú bá kọjá ilà yìí, ó ń gòkè nìyẹn, bí ó bá kọjá orúnkún, òun kò lè ṣèlérí nǹkan kan fún mi mọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, bí a ṣe máa ń sọ fún oníbàárà pé aṣọ tó rà kò ní tó. Ọ̀rọ̀ náà sì yé mi. Iṣẹ́ mi ni. Ibi tí ikán bá ti jẹ lára aṣọ, à á gé e sọnù kí ìyókù lè ṣeé wọ̀.

Wọ́n gbé ìwé kan wá pé kí n fọwọ́ sí i, pé mo gbà kí wọ́n gé e, àti pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Mo ní tí n bá kú lórí tábìlì yín, ṣé èmi ni ẹ máa wá pè lẹ́jọ́? Nọ́ọ̀sì ní kò sí ẹni tó fẹ́ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mo ní kí ni wọ́n wá ń gba ìwé lọ́wọ́ mi sí, òkú ha ń jẹ́rìí ni? Ó kàn na bírò sí mi. Màá ti fọwọ́ sí i o, ṣùgbọ́n mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Mo ní bí ẹ bá gé e tán, ibo ló ń lọ? Dókítà ní wọ́n á fún mi ní ọ̀pá tí n ó máa fi rìn. Mo ní kì í ṣe èmi ni mò ń bèèrè, ẹsẹ̀ ni. Ó ní Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ibì kan wà tí wọ́n ń kó irú ẹ̀ dà sí.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ibẹ̀. Aláìsàn pọ̀ níwájú dókítà, kò dá mi lóhùn, mo bá mú igi, mo tiro lọ sí ẹ̀yìn ọsibítù fúnra mi. Ọmọ mi, mo rí ike náà. Ó tóbi, aláwọ̀ ìyeyè ni, ìdérí rẹ̀ ti ya dé ìdajì, okùn ni wọ́n fi so ó. Òwú ẹlẹ́jẹ̀ wà níbẹ̀, tútù ni, wọn kò ro omi rẹ̀. Wọn kò fi ìwé wé nǹkan kan. Ẹnu ọ̀rá tó wà níbẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu sínú oòrùn. Eṣinṣin ibẹ̀ kì í ṣe irú tilé, aláwọ̀ ewé ńláńlá yẹn ni. Mo bi ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n ti fọ eléyìí kẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní fífọ̀ kẹ̀, ṣebí sísun ni wọ́n ń sun ún bí kẹrosíìnì bá wà. Mo ka gbogbo òfin tí o kọ́ mi fún un láti orí dé ìdí. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, kò já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ní kí n lọ sọ fún ọ̀gá.

Mo padà lọ bá dókítà, mo ní n kò fọwọ́ sí i. Mo ní ẹsẹ̀ yìí ló wa maṣíìnì tí mo fi rán ọmọ mi nílé ìwé títí tó fi jáde, nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lórí ìdùbúlẹ̀ òun náà ló wà á tí a fi ra oògùn, kò ní wọ inú irú ike yẹn. Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní ṣé nítorí ike ìdọ̀tí ni mo ṣe fẹ́ kú? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gba ilé lọ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì bá mi jà, ìjà gidi. Ó ní ṣé orí mi pé, ẹsẹ̀ tó ti kú, kí ló mọ̀ nípa ibi tí wọ́n jù ú sí? Mo ní ọkọ rẹ tó kú, kí ló mọ̀, kí ló dé tí o ń sunkún kiri kí wọ́n tó fún ọ ní ibi tó dára sin ín sí? Mo mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀ le, mo sì bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àárọ̀ àárọ̀ ló ń wá wo ilà tí dókítà fà, á gbé búrẹ́dì wá, á jókòó tì mí, kò di imú. Nígbà tó wá láná, ó wo ilà náà, ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó jáde. Mo bá wò ó fúnra mi. Dúdú náà ti kọjá ilà. Kò tíì dé orúnkún, ṣùgbọ́n ó ti kọjá ilà.

Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. N kò fẹ́ kú. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ mi dáadáa ni.

Wolé-wolé ti lọ sí ọsibítù lọ́hùn-ún nítorí mi láìjẹ́ pé mo rán an. Ó ní wọ́n ti gbà, wọ́n á fi aṣọ mímọ́ wé e, wọ́n á gbé e fún wa ká lọ sin ín. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé e fún ẹni tí wọ́n gé e lára rẹ̀, wọn kì í sì í gbé e fún ará àdúgbò. Ọmọ tàbí ọmọ ìyá ẹni ló gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí i kó tó gbà á. Ó ní òun ì bá fọwọ́ sí i, pé wọn kò gbà fún òun ni. O mọ̀ pé n kò ní ọmọ ìyá kankan láyé mọ́. Ìwọ nìkan ló kù.

Mo ti lọ sọ́dọ̀ káfíńtà nítorí àpótí. Bí mo ṣe sọ bí kò ṣe gbọ́dọ̀ gùn jù fún un ni ó pa ayùn tì, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní áà, ọmọ ta ni? Mo gbé ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, mo fi hàn án. Ó wọ̀n ọ́n bí mo ṣe ń wọn oníbàárà tèmi, ó ní òun á fá igi náà kó dán. Ó ní òun kò gbowó, ṣùgbọ́n n kì í ránṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún un, nítorí náà owó tí mo fẹ́ kí o mú dání nìyí, owó káfíńtà. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ra ọṣẹ díẹ̀ sí i. Àyè wà lápá ẹsẹ̀ ibi tí ìyá rẹ sùn sí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n gbẹ́. Ó máa ń bínú sí mi tẹ́lẹ̀ pé ẹsẹ̀ mi tutù jù lórí ibùsùn. Yóò mọ ẹni tó ni ín.

Mo ní mú owó dání, n kò ní kí o fi í ránṣẹ́. Má fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́. O ti fi ike ránṣẹ́, o ti fi fóònù ránṣẹ́, o ti fi ẹ̀rọ amúlétutù kékeré ránṣẹ́ àti kúbùsù, Ọlọ́run yóò san án fún ọ, ṣùgbọ́n awakọ̀ yẹn ti wá mọ ilẹ̀kùn mi jù ọ́ lọ. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ lo ti ń sọ pé oṣù tó ń bọ̀, n kò sì bá ọ wí, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Èyí ni wọn kò lè fi rán awakọ̀. Fóònù kò lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Bí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀, sọ fún un pé bàbá rẹ ní kí o wá bá òun gba nǹkan kan, má sọ ohun tó jẹ́, kó má baà rò pé o ń purọ́.

Àwọn àgbà ní kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò lè sá fún eléyìí, ara ẹsẹ̀ náà ló wà. Bí o bá dé tí dúdú náà kò tíì dé orúnkún, màá fọwọ́ sí ìwé wọn lójú rẹ. Bí o bá dé tó ti kọjá orúnkún, má jẹ́ kí wọ́n gé nǹkan kan mọ́. Wọ́n á fi gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ọ́, má gbà. Lọ sọ fún káfíńtà pé kó ṣe èyí tó gùn, kí ẹ sin mí lódindi.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà fún ọ. Ọkọ̀ tí o máa wọ̀ kò ní dákú sójú ọ̀nà. Ara rẹ kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ, ohun tó bá gún ọ, wàá mọ̀ ọ́n lára kíá. O kò ní dá wà níbi tí wọ́n ti ń béèrè pé ta ni ọmọ rẹ. Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀ wéré.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ara rẹ̀ ṣì pé títí di àárọ̀ yìí.